Bí A Ṣe Ń Ṣe Fíìmù Kúkúrú Adẹ́rùbani Nípa Ìdáwà ní Ilẹ̀ Okun

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù adẹ́rùbani ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Okun, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogi, kò ní láti wá iwin lọ sínú igbó. Láti Kàbà lọ sí Mopa títí dé Ìsánlú, ilé ńláńlá ń bẹ tí àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní òkè òkun kọ́, tí ó sì jẹ́ pé ìyá arúgbó kan ṣoṣo ni ó ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń tan iná yàrá kan, tí ó sì ti àwọn yòókù pa. Oṣù Kejìlá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń kún. Kí oṣù Kìn-ín-ní tó dé àárín, oníkálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ẹnìkan nínú ìkòkò tí ó yẹ kí ó bọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Èmi gbà pé inú ilé bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ìdáwà tí ó dára jù lọ wà fún wa láti yà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ kékeré kan, pẹ̀lú fóònù àti owó tí kò pọ̀, ṣe lè yà á kí ó sì yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti gígùn kúrò nílẹ̀. Àwọn tí ó ń fi àmì-ẹ̀yẹ Oscar dánilọ́lá ní Amẹ́ríkà ka fíìmù tí kò bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ sí fíìmù kúkúrú, ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 8 sí 12 ti tó. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù máa ń ṣírò ojú ìwé kan nínú ìwé eré sí ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ìṣírò yìí kì í bá fíìmù ìdáwà mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ìwé kan tí ó ní gbólóhùn márùn-ún péré, níbi tí obìnrin kan ti ń ti ilẹ̀kùn, tí ó ń tan àtùpà, tí ó sì jókòó, lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹnìkan nínú yín ṣe gbogbo ìṣe inú ìwé náà lójú aago kí ẹ tó pinnu pé ó ti tó tàbí pé ó ti pọ̀ jù.

Kí kámẹ́rà wà nínú ilé

Ìpinnu tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ rárá. Òun ni ìpinnu nípa ẹni tí ẹ̀rù yóò máa bà nínú eré náà. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí àwa Yorùbá ti wò láti ìgbà tí fídíò ti dé, arúgbó tí ó bá ń dá gbé ni ó máa ń jẹ́ àjẹ́. Àwọn ọmọdé á máa sá fún ilé rẹ̀, kámẹ́rà á dúró sí ìta, á máa wo fèrèsé rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ewu ti ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ó ti pọ̀ jù nílẹ̀, ìpalára tí ó sì ń ṣe kì í ṣe ti ojú àwòrán nìkan, nítorí àwọn ìyá àgbà ṣì wà tí àdúgbò ń yà sọ́tọ̀ tàbí tí wọ́n ń lé kúrò nílé nítorí ìfura lásán. Fíìmù nípa ìdáwà tí ó bá tún mú kí àwọn ènìyàn sá fún ẹni tí ó dá wà ti sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ nù.

Ẹ gbé kámẹ́rà wọlé, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀. Bí a bá wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí ó wà níta ni yóò máa yí padà: ẹ̀rín àwọn aládùúgbò á dà bí ohun tí ó jìnnà réré, kíkàn ilẹ̀kùn á di ohun tí ènìyàn ń ṣiyèméjì sí, ọ̀nà tí ó ń lọ sí ìgboro á sì máa gùn sí i lójoojúmọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn yòókù tí mo ní lórí ìtàn, lórí àwòrán àti lórí ìró, orí ìpinnu kan ṣoṣo yìí ni mo gbé e kà.

Ìtàn tí ó dá lórí ìkíni

Ohun tí ó ń bani lẹ́rù nínú ìdáwà kì í sábà jẹ́ ohun tí ó wọlé wá, bí kò ṣe ohun tí a pè tí kò dáhùn. Àwa ará ilẹ̀ Okun sì ní ohun èlò kan tí ó bá èyí mu ju ti ibòmíràn lọ. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Òwórò, ìkíni kan náà ni gbogbo wa ń kí: òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà oko, lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá dé á ní “Okun o,” ẹni tí ó wà nílẹ̀ á sì dáhùn. Kò sí ẹni tí ó dàgbà níbí tí kò mọ̀ ọ́n lára pé ìkíni náà gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Bí òṣèré bá wọlé nínú fíìmù yín tí ó kí ilé, tí ẹ sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, òǹwòran tí ó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa yóò ti máa dúró de ohùn kan. Ìdúró náà ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ eré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ń gbé ilé oníyàrá mẹ́jọ ní ìlú kékeré kan ní Ìjùmú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó ti oko dé, ó kí ilé gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó sì lọ dáná. Ní alẹ́ kejì, ó kí ilé, nǹkan kan sì dún nínú yàrá tí a ti pa, ohun tí ó lè jẹ́ ìdáhùn tí ó sì lè jẹ́ pánù òrùlé. Ní alẹ́ kẹta, ohùn kan dá a lóhùn ní kedere. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé eré ti máa ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n á jẹ́ kí ìyá náà pariwo kí ó sì sá jáde. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ara rẹ̀ rọ̀, kí ó sì béèrè bóyá ẹni náà ti jẹun. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òǹwòran ni ẹ̀rù yóò máa bà nítorí rẹ̀, torí a ó ti mọ̀ pé ó yàn láti má béèrè ta ni ó ń dá òun lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni ìṣe kékeré lè gbé ẹ̀rù náà ga díẹ̀díẹ̀. Ó bu oúnjẹ sí àwo méjì. Ọmọ rẹ̀ pè láti Àbújá, ìyá náà sì ń fẹ́ kí ìpè náà tètè parí. Aládùúgbò kan kàn ilẹ̀kùn láti kí i, ó pa àtùpà, ó sì dákẹ́ títí ẹni náà fi lọ. Ìgbà tí ó bá fi máa di ọdún Kérésìmesì tí àwọn ọmọ dé pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó kún fún ẹrù, ìyá náà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti pa, ó ń fi ọwọ́ dá wọn dúró pé kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, pé ará ilé ń sùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òkú tí ó jí dìde, síbẹ̀ ọmọ tí ó bá wo eré yìí ní Èkó yóò gbé fóònù.

Ẹ má ṣe ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú yàrá náà. Ẹ má sì jẹ́ kí pásítọ̀ tàbí babaláwo wọlé ní ìṣẹ́jú méjì tí ó kẹ́yìn láti wá lé e jáde, nítorí pé bí ẹ bá ti lé e jáde, ẹ ti sọ fún àwọn òǹwòran pé iwin ni ìṣòro náà, wọn á sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ìṣòro náà ni yàrá mẹ́jọ àti ènìyàn kan.

Ní ti èdè, kí òṣèré sọ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Owé, kí ó sọ Owé. Bí ó bá jẹ́ ará Yàgbà, kí ó sọ ti Yàgbà, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ní Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Arúgbó tí ó ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀ kì í sọ èdè ilé ìwé.

Ilé, òṣèré àti àdúgbò

Ilé tí ó dára jù ni ilé àtijọ́ tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ní àárín, tí àwọn yàrá sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì, torí pé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún kámẹ́rà ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti máa wò. Ẹ fi ọ̀sán kan rìn nínú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ máa ń jókòó sí, kí ẹ wo ohun tí ó ń rí láti ibẹ̀. Àwọn àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó wà lára ògiri, kàlẹ́ńdà òkú ọlọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àga ike tí wọ́n to léra wọn dé àjà nítorí ọjọ́ ayẹyẹ, gbogbo wọn ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Àga tí a tò jọ, tí a kò lò, sọ̀rọ̀ nípa àìsíníbẹ̀ àwọn ènìyàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àmọ́ o, bí ẹ bá bá ohun ìsìnkú pàdé nínú àpótí ilé náà, irú aṣọ pupa tí àwọn Búnú máa ń hun fún ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá, ẹ má fi ṣe ọ̀ṣọ́ eré. Ohun ọ̀wọ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìyá àgbà tí kì í ṣe òṣèré, ó ṣeé ṣe dáadáa, kódà mo fara mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n àwọn àdéhùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ ṣàlàyé gbogbo ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè tí ó gbọ́, níwájú ọmọ tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ẹ san owó iṣẹ́ fún un, kí ó má jẹ́ pé aṣọ àti ọṣẹ ni ẹ máa kó fún un. Ẹ má dẹ́rù bà á ní tòótọ́ kí ojú rẹ̀ lè rí bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣe rí. Bí opó ni, ẹ má sọ pé kí ó rántí ọkọ rẹ̀ kí omi lè bọ́ lójú rẹ̀. Dípò èyí, ẹ fún un ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, bíi kí ó máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí ó máa ká aṣọ, kí ẹ sì sọ fún un ibi tí yóò ti dáwọ́ dúró láti gbọ́ nǹkan. Ọwọ́ tí ó dúró láàárín iṣẹ́ ti tó fún kámẹ́rà.

Kí ẹ tó yà ohunkóhun, ẹ lọ rí olórí àdúgbò, òun ni yóò sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà bá yẹ kí ó dé ààfin, ì báà ṣe ti Ọbaro ní Kàbà tàbí ti Agbana ní Ìsánlú. Ẹ jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ìlú mọ ọjọ́ àti ilé tí ẹ ó wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ lásán. Àwọn ajínigbé ti yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu lójú ọ̀nà wa ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ará ìlú sì ti ń ṣọ́ra gidigidi. Bí obìnrin bá pariwo lóru nínú ilé kan nítorí eré, àwọn ọ̀dọ́kùnrin lè dé pẹ̀lú àdá àti ìbọn kí ẹ tó rí àyè sọ pé fíìmù ni. Nítorí náà, ẹ ya gbogbo ìran tí ó ní ariwo ní ọ̀sán pẹ̀lú fèrèsé tí ẹ fi aṣọ dí, kí ẹ má sì gbé kámẹ́rà lọ sí ojú ọ̀nà tí ó dá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, bó ti wù kí ibẹ̀ dára tó lójú yín.

Àwòrán àti ìmọ́lẹ̀

Fóònù tí ó bá ń ya fídíò tí ó mọ́ ti tó. Ẹ lo ojú kámẹ́rà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ olórí láàárín wọn, kí ẹ má sì fi ìka fa àwòrán súnmọ́ tòsí, torí yóò bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi súnmọ́ ohun tí ẹ ń yà. Ẹ gbé e ka irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí ẹ gbé e ka orí ìdérí àpótí kí ẹ fi ìrẹsì tí a dì sínú ọ̀rá gbé e ró. Nínú fíìmù yìí, kámẹ́rà tí kò mì ni ó ń dẹ́rù bani, nítorí pé ó ń dà bí ẹni pé ilé fúnra rẹ̀ ni ó ń wo ìyá náà.

Ohun kan wà tí ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ tí wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ 50 hertz, gílóòbù sì máa ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà tí ojú wa kò lè rí, ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà ń rí. Bí fóònù yín bá ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ fóònù ṣe máa ń wà láti ilé iṣẹ́, ìlà dúdúdúdú lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lójú àwòrán. Ẹ gbé e sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ sì fi shutter, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ohun tí ó wà nínú fóònù yín kò bá jẹ́ kí ẹ yí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ gba áàpù Open Camera tàbí Blackmagic Camera sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nínú fóònù náà, ẹ so ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti ibi tí kámẹ́rà ń wò mọ́ ojú kan, kí àwòrán má baà máa mọ́lẹ̀ sí i fúnra rẹ̀ nígbà tí òṣèré bá rìn wọ inú òkùnkùn.

Àtùpà kan ni kí ó jẹ́ orísun ìmọ́lẹ̀ nínú ìran alẹ́. Nítorí pé iná àtùpà elépo kò tó fún fóònù, ẹ fi iná oníbátìrì kékeré pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò tàbí lábẹ́ tábìlì ní ìhà ibi tí àtùpà wà, kí ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó kí ó lè ní àwọ̀ iná. Ẹ má tan iná sí gbogbo yàrá nítorí kí ojú òṣèré lè hàn. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ojú àti apá rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ wá. Awọ dúdú tí ó ń dán á gba ìmọ́lẹ̀ kékeré náà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí ojú á yọ, ìyókù yàrá á sì wà nínú òkùnkùn. Àṣírí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, kò sì ju owó òrí lọ.

Fún ìran tí ó bá ní òfurufú, ẹ ya á ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Ní ìlú wa, láàárín agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ àti agogo méje ìrọ̀lẹ́ ni èyí máa ń bọ́ sí jálẹ̀ ọdún, ìmọ́lẹ̀ búlúù náà kì í sì pẹ́ ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ẹ ti dánra wò kí oòrùn tó wọ̀. Àkókò ọyẹ́ ni ó dára jù fún fíìmù yìí. Eruku máa ń bo àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú ká, tí ilé yóò fi dà bí ẹni pé kò sí ohunkóhun lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ mọ́, ìlà iná tọ́ọ̀ṣì sì máa ń hàn nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ yín nígbà tí ẹ kò bá lò ó.

Ní ti bí àwòrán ṣe jókòó, ẹ máa fi ìyá náà sí apá kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè tí ó pọ̀ jù wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹ yan igun mẹ́ta nínú ilé, kí ẹ sì máa padà sí igun kan náà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìyí kámẹ́rà padà rárá, kí nǹkan kékeré kan ṣoṣo yàtọ̀: àga kan tí ó ti kúrò lórí èyí tí a tò jọ, ilẹ̀kùn tí ó ṣí díẹ̀ sí i. Ẹ má tọ́ka sí i. Ẹ fi ìsúnmọ́ ojú pamọ́ di ìgbà tí ohùn náà bá kọ́kọ́ dáhùn. Bí a bá ti ń rí ojú rẹ̀ ní tòsí láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ibi tí ẹ ó tún sún mọ́ mọ́.

Ìró

Bí owó yín bá kéré, ara ìró ni kí ẹ ná an sí. Òǹwòran á fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n kò ní fara da ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Maíìkì kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ dára. Bí kò bá sí, ẹ fi fóònù kejì ká ohùn, kí ẹ gbé e sábẹ́ tábìlì tàbí sínú ìgbànú òṣèré, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fi ìró àtẹ́wọ́ náà so ohùn mọ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ẹ pa fíríìjì. Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ẹ lè bá a ra epo fún ìgbà tí ẹ bá parí. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dúró láìmira fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ ká ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà, torí ìdákẹ́jẹ́ yàrá tí ó ní bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì, ẹ ó sì nílò rẹ̀ láti dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ẹ má gbìyànjú láti ká ohùn nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí pánù.

Pánù yìí gan-an ni kí ẹ fetí sí. Lẹ́yìn ọ̀sán tí oòrùn ti mú, pánù òrùlé máa ń gbóná, á sì tóbi sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, á sún kì, á máa fa ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́ igi, ìró á sì jáde láti òkè: “kọ́,” lẹ́yìn náà kò sí nǹkan, lẹ́yìn náà “kọ́, kọ́” láti ìhà kejì, bí ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ tí ó tún rò ó kí ó tó gbé èkejì. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ láti kékeré, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni lókè níbẹ̀. Ẹ lọ ká a láti agogo méje alẹ́ títí di agogo mẹ́sàn-án nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú fóònù tí ó wà lórí àga gíga nítòsí àjà, ẹ ó rí ìró tí kò sí ilé iṣẹ́ fíìmù ní ayé tí yóò tà á fún yín.

Ìró kejì tí mo kà sí pàtàkì ni ìró àwọn ilé yòókù. Ìdáwà kì í hàn nínú ìdákẹ́jẹ́ pátápátá, ó ń hàn nígbà tí a bá ń gbọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe wà papọ̀. Odó tí wọ́n fi ń gún iyán ní ilé kẹta, ọmọdé tí wọ́n ń pè kí ó wá wẹ̀, ọ̀kadà tí ó ń kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìṣọ́òru láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ó jìnnà: ẹ ká gbogbo wọn láti inú ilé tí ẹ ti ń ya eré, pẹ̀lú fèrèsé tí a tì, kí wọ́n lè dún bí wọ́n ṣe ń dún sí etí ìyá náà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ní alẹ́ kejì, ẹ yọ ọ̀kadà àti àwọn ọmọdé. Bí ohùn yàrá náà bá ti ń dáhùn, ẹ yọ odó. Òǹwòran kò ní mọ ohun tí ẹ yọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á sọ fún un pé ayé ti ń sún mọ́ ògiri ilé yẹn. Bí ẹ bá ṣe èyí dáadáa, ẹ kò ní nílò orin púpọ̀. Orin tí ó ń sọ fún ènìyàn ìgbà tí ó yẹ kí ẹ̀rù bà á máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí rẹ̀.

Kí ni kí ẹ fi ṣe ohùn tí ó ń dáhùn? Ẹ má wá ọkùnrin tí ó ní ohùn ńlá. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà fúnra rẹ̀ dáhùn ìkíni ara rẹ̀, kí ó dúró sí inú yàrá kejì, kí ó kọjú sí ògiri, kí ẹ sì ká a láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tò ó, díẹ̀ péré, kí ó má dà bí ohùn ẹ̀mí nínú eré orí ìtàgé. Àwọn kan á mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ni, àwọn kan ò ní mọ̀, ìtàn náà á sì dúró fún apá méjèèjì.

Títò ó pọ̀ àti gbígbé e jáde

DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fíìmù tí a sì fi ń tò ó, ní èyí tí a kì í sanwó fún, ó sì ń ṣe àwòrán àti ìró papọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ó bá lágbára díẹ̀. Bí tiyín kò bá lágbára, Kdenlive fún àwòrán àti Audacity fún ìró ti tó, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn náà. Nígbà tí ẹ bá ń gé àwòrán, ẹ wá ibi tí ọwọ́ yín ti fẹ́ gé e, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kún un. Ìyá náà ti jáde kúrò nínú yàrá, àwo méjì wà lórí tábìlì, kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀: ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi ìró ńlá òjijì ta òǹwòran jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì ronú dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà pọn dandan. Ẹ jókòó gbọ́ gbogbo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú tí ẹ dì, lẹ́yìn náà ẹ wò ó láìsí ìró. Apá tí ó bá rẹlẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ó wò ó ni ìyá tí ó ṣeré àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó tó dé orí YouTube tàbí Facebook, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ẹ yọ ìran kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi han àdúgbò ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún nígbà tí àwọn ọmọ bá wálé, nínú gbọ̀ngàn tàbí kíláàsì ilé ìwé tí ẹ lè mú kí ó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi hàn fún gbogbo ènìyàn ní sinimá tàbí kí ẹ máa tà á, Àjọ tí ó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò ní Nàìjíríà, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó kí ó sì sọ iye ọjọ́ orí tí ó yẹ fún. Àwọn àjọ̀dún fíìmù bíi AFRIFF ní Èkó àti Zuma ní Àbújá máa ń gba fíìmù kúkúrú; ẹ ka ìlànà wọn dáadáa ní ti gígùn, ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán àti bóyá wọ́n fẹ́ èyí tí kò tíì jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bí ẹ bá ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àjọ̀dún kan lè má gbà á mọ́. Ẹ fi gbogbo fáìlì tí ẹ yà pamọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì, kí ẹ sì fún ìdílé tí ó ni ilé náà ní ẹ̀dà kan lórí fílásì pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.